Òbìrìkìtì Lára Fẹ́ndà Ìyá Aránṣọ

Wọ́n ti ìyá àgbàlagbà kan mọ́lé ní tẹ́ṣàn ọlọ́pàá wa nítorí pé mọ́tò rẹ̀ ń dán. Ohun tí mo gbọ́ nìyẹn bí mo ṣe wọlé láàárọ̀, mo sì rò pé wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

"Ó ń dán?" mo bi Kọ́pù tó jókòó sí kàńtà. "Ìgbà wo ni dídán di ẹ̀ṣẹ̀?"

"Àǹtí Kílódé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bẹ̀rẹ̀," ó ní. "Ọ̀gá wà lẹ́yìn. Ẹ lọ bi wọ́n."

Kílódé ni wọ́n sọ mí ní tẹ́ṣàn, nítorí pé ìbéèrè kì í tán lẹ́nu mi. Mi ò bá wọn jà sí i. Iṣẹ́ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ni mò ń ṣe, ìbéèrè sì ni ọkọ́ àti àdá mi.

Ọ̀gá wa wà lẹ́yìn lóòótọ́, lábẹ́ ìbòrí páànù tí a máa ń gbé àwọn mọ́tò tó ní ẹjọ́ sí. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ti bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò búlúù kan, ó fara tì í bí ẹni pé tirẹ̀ ni. Mọ́tò àtijọ́ ni, irú èyí tí wọn kì í ṣe mọ́, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ń kọ mànà nínú òjìji níbẹ̀.

"Ó gbá oníbúrẹ́dì," Ọ̀gá ní. "Ìdájí òní, ní kọ́nà ilé ìwé. Oníbúrẹ́dì wà lórí kẹ̀kẹ́ ẹ̀, mọ́tò búlúù kan gbá a sínú gọ́tà, kò dúró. Ẹsẹ̀ ẹ̀ ti kán. Ọ̀dà búlúù wà lára kẹ̀kẹ́ ẹ̀. Mọ́tò búlúù kan ṣoṣo ló wà ládùúgbò yẹn, ìyá tó ni ín ló wà nínú sẹ́ẹ̀lì yìí. Látìgbà tí ọkọ ẹ̀ ti kú ni mọ́tò yìí ti ń ṣá síbẹ̀, gbogbo ara ẹ̀ ti funfun. Òní la wá bá a tó ń dán. Kí lo rò pé ó nù kúrò lára ẹ̀?"

"Ìdọ̀tí, sà."

Ọ̀gá wò mí láti òkè délẹ̀. "Ẹ̀rí ló nù kúrò. Àbúrò ọkọ ẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbélé ti sọ pé òun gbọ́ nígbà tí mọ́tò jáde ní ìdájí. Kí ló tún kù? Lọ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹ̀, kó tọwọ́ bọ̀wé. Tó bá gbà pé òun ṣe é, tó bẹ̀bẹ̀, àbúrò ọkọ ẹ̀ máa dúró fún un, á máa tọ́jú mọ́tò náà, màmá á padà sílé jẹ́jẹ́. Tí kò bá gbà, ọ̀sán òní là ń gbé e lọ sí kóòtù. Ẹ̀wọ̀n ni yóò sì jẹ́ o."

Ìyá Aránṣọ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ló ti tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ dàgbà. Mo bá a lórí bẹ́ǹṣì inú sẹ́ẹ̀lì, ó na ẹ̀yìn tọ́ọ́rọ́, ó gbé àpò ọwọ́ rẹ̀ lé itan.

"Ẹ kú ìrọ́jú, Mà," mo ní.

"Mi ò rọ́jú. Mò ń bínú ni."

Mo fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ kó hàn lójú mi. "Wọ́n ní kí n wá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu yín."

"Máa kọ ọ́. Mo nu mọ́tò mi. Nílé mi. Ọwọ́ mi ni mo fi nù ún. Ó tán."

"Wọ́n ní tí ẹ bá lè bẹ̀bẹ̀..."

"Ta ni kí n bẹ̀?" Ó yíjú sí mi. "Ọmọ mi, gbọ́. Nígbà tí ọkọ mi kú, àwọn èèyàn ẹ̀ wá kó rédíò, mò ń wò wọ́n. Wọ́n kó àga. Wọ́n kó bàtà. Nígbà tó kan mọ́tò, mo lọ dúró níwájú ẹ̀, mo ní èyí o, wọ́n á gbé èmi náà mọ́ ọn ni. Èmi àti ọkọ mi la jọ rà á. Kọ́là ẹ̀wù tí mo rán nínú ilé yẹn ló di mọ́tò. Wọ́n wá ní kí ni arúgbó fẹ́ fi ṣe, ṣé kò ti di àkísà. Mo ní ó dáa, ẹ máa wò ó. Mo nu àkísà náà títí tó fi ń dán. Ẹ̀yin wá gbé mi wá síbí pé kí n bẹ̀bẹ̀. Ẹ gbé mi lọ sẹ́wọ̀n."

Ó fi àáké kọ́rí, mo sì rí i pé ariwo Ọ̀gá kò lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fi bírò mi sápò.

"Mà, báwo lẹ ṣe nù ún?"

Ó jọ pé kò tíì sẹ́ni tó bi í láti òwúrọ̀. Nígbà tó máa dáhùn, ohùn rẹ̀ ti yí padà.

"Mo kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo fọ̀ ọ́ títí omi ẹ̀ fi mọ́. Aránṣọ ni mí, mo mọ bí ìdọ̀tí ṣe ń ba nǹkan jẹ́. Lẹ́yìn náà mo fi èékánná tọ gbogbo ibi tó ha. Èyí tí èékánná mi bá kọ́ nínú ẹ̀, ó ti jìn nìyẹn, mo fi í sílẹ̀. Èyí tí kò bá kọ́, ó ṣeé nù. Mo wá gé aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ etí gíláàsì àti etí iná, gbogbo ibi tí irin méjì ti pàdé. Ìpara tí wọ́n fi ń mú ọ̀dà mọ́tò dán, tí àwọn pẹ́ńtà ń pè ní kọ́ńpáǹdì yẹn, tó bá wọ kọ̀rọ̀, ó ń gbẹ, á di funfun, kò ní jáde mọ́. Mo rán táwẹ́ẹ̀lì mi letí kó má baà máa tú. Mo wá ń nù ún díẹ̀díẹ̀, tààrà, láti iwájú lọ sẹ́yìn, bí mo ṣe ń lọ aṣọ."

"Ṣé kì í ṣe yíyí ni wọ́n ń yí i po?"

"Àwọn ọ̀lẹ ló ń yí i po. Ojú oòrùn ló máa ń tú wọn fó." Ó gbójú sókè. "Ìrọ̀lẹ́ àná ni mo parí. Nígbà tí mo rí ojú ara mi nínú ilẹ̀kùn ẹ̀, mo sunkún. Mo wọlé lọ sùn, apá ń ro mí. Ọlọ́pàá ló jí mi."

"Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ńkọ́?"

"Ó wà nínú àpò mi yìí. Èkejì ti sọnù látìgbà ìsìnkú ọkọ mi."

Mo jáde. Ọ̀gá ń retí ìwé tí màmá ti tọwọ́ bọ̀, mo sì kọjá níwájú fèrèsé rẹ̀ láìwo ibẹ̀.

Oníbúrẹ́dì wà ní ọsibítù, wọ́n ti di ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n gbé e kọ́. Ọmọkùnrin tó láyọ̀ ni. Bó ṣe rí mi, ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé ta ló kó búrẹ́dì òun nínú gọ́tà.

"Ewúrẹ́," mo ní. "Ṣé o rí ẹni tó wa mọ́tò yẹn?"

"Rárá o. Iná iwájú ẹ̀ fọ́ mi lójú."

"Mọ́tò yẹn ńkọ́? Ṣé ó ti ṣá ni, àbí ó ń dán?"

"Ó ń dán! Àǹtí, ìyẹn gan-an ni mò ń sọ fún nọ́ọ̀sì. Kẹ̀kẹ́ mi pupa. Mo rí pupa ẹ̀ nínú ilẹ̀kùn mọ́tò yẹn kedere kí n tó rí ara mi nínú gọ́tà. Mo tiẹ̀ rò pé kẹ̀kẹ́ míì ló ń bọ̀ wá kọlù mí."

Ọkàn mi wá balẹ̀ díẹ̀. Tó bá ti ń dán kó tó gbá a, kì í ṣe torí pé ó gbá a ni wọ́n ṣe nù ún. Mo pe Ọ̀gá lórí fóònù, mo rò ó fún un.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," Ọ̀gá ní. "A jẹ́ pé ó nu mọ́tò tán, inú ẹ̀ dùn, ó gbé e jáde lọ fi ṣe fáàrí, ó gbá èèyàn. Ọ̀sán ń bọ̀ o, Kílódé." Ó pa fóònù.

Inú bí mi, ṣùgbọ́n mi ò lè sọ pé irọ́ ló pa. Mo ti mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀rí ni wọ́n fi ìnùmọ́ yẹn bò. Mi ò tíì mọ ẹni tó wa mọ́tò.

Kọ́pù ló mú ìròyìn kejì wá. Ó ní mọ́tò búlúù míì wà lópòópónà ẹ̀yìn, nínú ṣọ́ọ̀bù pẹ́ńtà tó ń kun mọ́tò, iwájú rẹ̀ sì ti rún wómúwómú. Ara mi yá gágá. Àwa méjèèjì ló sáré débẹ̀.

Eruku ọ̀dà ti bo pẹ́ńtà lójú, ojú rẹ̀ sì le. Kò kí wa.

"Ibo ni mọ́tò yìí wà ní ìdájí?" mo bi í.

"Ibi tó wà yìí."

"Ta ló wà á?"

"Kò sẹ́ni tó wà á."

"Ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ẹ̀."

"Mi ò lè ṣí i."

"Kí ló dé?"

"Ẹ máa dí i lọ́wọ́."

"Ta ni mo fẹ́ dí lọ́wọ́?"

Ó mí kanlẹ̀, ó gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì sókè díẹ̀díẹ̀. Níbi tó yẹ kí ẹ́ńjìnnì wà, adìẹ kan jókòó lórí ẹyin. Ó wò mí, ó sì fi àgógó sọ mí lọ́wọ́.

"Ẹ́ńjìnnì mọ́tò yìí ti kúrò níbẹ̀ látọdún tó kọjá," pẹ́ńtà ní. "Àbí adìẹ lẹ fẹ́ mú?"

Kọ́pù rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sórí táyà. Mo fi ẹnu fa ọwọ́ mi, mo jẹ́ kí ẹ̀rín náà parí.

"Ẹ̀yin lẹ ta kọ́ńpáǹdì fún Ìyá Aránṣọ?"

"Èmi ni. Mo sì sọ fún un pé ara ẹ̀ ló ń dà láàmú. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ni. Ọwọ́ obìnrin arúgbó ò lè họ ọ̀dà tó ti kú débi táá fi jí. Tí ẹ bá sọ fún mi pé mọ́tò yẹn dán lóòótọ́, a jẹ́ pé ọkùnrin kan ló bá a nù ún."

Ọ̀rọ̀ yẹn bí mi nínú ju bí adìẹ ṣe sọ mí lọ́wọ́ lọ. Síbẹ̀ mo gbé e lọ bá ẹni tó ni ín.

"Mà, wọ́n ní ọkùnrin kan ló bá yín nu mọ́tò."

Ìyá Aránṣọ dìde. Ó ki ọwọ́ méjèèjì jáde láàárín irin sẹ́ẹ̀lì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi kàn mí nímú. Èékánná rẹ̀ búlúù birí nídìí.

"Ọwọ́ ọkùnrin wo nìyí? Ọ̀dà àtijọ́ máa ń tú àwọ̀ sílẹ̀ sínú aṣọ téèyàn bá ń họ ọ́. Ó ti wọ abẹ́ èékánná mi, mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo fi kànrìnkàn fọ̀ ọ́, kò lọ. Padà lọ bá ẹni tó rán ẹ. Sọ fún un pé kó wá wo ìka mi."

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó máà bínú. Ọ̀rọ̀ oòrùn tó sọ láàárọ̀ ni mo wá rántí: ojú oòrùn ló máa ń tú ọ̀lẹ fó. Láti òwúrọ̀, abẹ́ páànù ni mọ́tò yẹn wà. Nílé rẹ̀ pàápàá, abẹ́ páànù ló ń gbé e sí. Kò sí ẹnì kankan nínú wa tó tíì rí i nínú oòrùn.

"Kọ́pù, ẹ bá mi tì í jáde."

Kọ́pù àti àwọn ọlọ́pàá yòókù fi ọwọ́ ti bùútù, wọ́n fi ọwọ́ ti ilẹ̀kùn, wọ́n ń mí hẹlẹ. Ọ̀gá yọrí lójú fèrèsé.

"Kí lẹ fẹ́ gbé mọ́tò ẹjọ́ lọ ṣe?"

"Ó fẹ́ yá oòrùn, sà," mo ní.

"Kílódé!"

"Ọ̀sán lẹ sọ, sà. Ọ̀sán ò tíì pé."

Mo mọ̀ pé màá jìyà ẹnu yẹn lọ́jọ́ kan, kì í ṣe ọjọ́ yẹn. Oòrùn bọ́ sára mọ́tò, mo kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, mo fojú tọ ara rẹ̀. Ìlà tín-ín-rín tín-ín-rín ló kún ara bọ́nẹ́ẹ̀tì, gbogbo wọn lọ tààrà láti iwájú sẹ́yìn, gẹ́gẹ́ bí màmá ṣe wí. Ilẹ̀kùn rí bẹ́ẹ̀. Bùútù rí bẹ́ẹ̀. Mo yípo dé fẹ́ndà iwájú lọ́wọ́ òsì, mo dúró.

Òbìrìkìtì ni gbogbo ibẹ̀. Ẹnì kan ti fi ọwọ́ yí i po, yí i po, kò sì fẹ̀ ju àwo oúnjẹ lọ. Nínú òbìrìkìtì yẹn, ìlà kan jìn ju àwọn yòókù lọ, ó ń yí lọ pẹ̀lú wọn. Mo fi èékánná mi tọ̀ ọ́, èékánná mi kọ́ níbẹ̀. Ohun líle kan wà nínú aṣọ tí wọ́n fi nù ún.

Mo wo etí iná. Màmá ní òun ti fi aṣọ lẹ gbogbo etí kí ìpara má wọ̀ ọ́, gbogbo etí yòókù sì mọ́ tónítóní. Etí iná tòsì yìí nìkan ni ìpara gbígbẹ kún, ó funfun. Mo fi orí abẹ́rẹ́ họ díẹ̀ kúrò. Ọ̀dà pupa wà lábẹ́ rẹ̀, pupa kẹ̀kẹ́ oníbúrẹ́dì.

Gbogbo rẹ̀ wá tò jọ. Pupa ló kọ́kọ́ débẹ̀, ìpara tẹ̀ lé e. Nítorí náà ẹnì kan nu fẹ́ndà yìí lẹ́yìn jàǹbá. Kò lẹ aṣọ mọ́ etí, bẹ́ẹ̀ ni kò nù ún tààrà. Ọ̀rọ̀ pẹ́ńtà jẹ́ òótọ́ dé ìdajì: ọwọ́ méjì ló ti kan mọ́tò yìí, ṣùgbọ́n ọwọ́ kejì kò bá ẹnikẹ́ni ṣiṣẹ́.

Mo ní kí wọ́n mú màmá jáde wá. Ó rìn yí mọ́tò rẹ̀ ká, ó ń rọra fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ibi tó mọ́. Nígbà tó dé fẹ́ndà, ó tẹ̀ ba, ó wò ó, ó sì figbe ta tí Ọ̀gá fi tún yọrí.

"Ta ló fi bọ́tìnnì nu mọ́tò mi?"

"Bọ́tìnnì, Mà?"

"Ṣé o ò rí i ni? Ìlà kan ṣoṣo, tó ń bá ọwọ́ yí! Ẹ̀wù ló fi nù ún, kò gé bọ́tìnnì kúrò! Bọ́tìnnì onírin ni. Báwo lèèyàn ṣe máa fi ẹ̀wù tó ní bọ́tìnnì nu nǹkan? Ohun tí mo kọ́kọ́ ń gé kúrò lára àkísà nìyẹn!" Omi ti lé sójú rẹ̀. Kò sunkún nígbà tí wọ́n tì í mọ́lé, fẹ́ndà yìí ló pa á lẹ́kún. "Àná ló ṣì dára. Àná ni mo rí ojú mi níbẹ̀."

"Ibo lẹ fi kọ́ńpáǹdì sí lálẹ́ àná?"

"Agolo ẹ̀ wà lójú fèrèsé. Àwọn àkísà mi wà ní yàrá, mo ti ilẹ̀kùn."

Ẹni tó ṣe é rí ìpara, kò rí àkísà. Ẹ̀wù ara rẹ̀ ló bọ́.

Àbúrò ọkọ Ìyá Aránṣọ ń gbé yàrá ẹ̀yìn ilé kan náà. Ọkọ Kékeré ni màmá ń pè é látìgbà tó ti fẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọlọ́dẹ ilé iṣẹ́ kan ni, àná sì ni ọjọ́ ìsinmi rẹ̀. A bá a tó jókòó síwájú ilé, ó ń fi igi ta eyín. Inú rẹ̀ dùn láti rí wa.

"Ṣé ó ti jẹ́wọ́?" ó bi mí.

"Ó kù díẹ̀," mo ní. "Ẹ gbọ́ nígbà tí mọ́tò jáde?"

"Mo gbọ́ ọ ketekete. Mo ní, ìyàwó wa ti ń jáde nìyẹn. Ibùsùn ni mo wà."

"Ẹ gbọ́ nígbà tó padà?"

"Ẹ̀n... mo ti sùn lọ."

"Ẹ ò jáde wò ó láàárọ̀?"

"Kí ló kàn mí níbẹ̀?"

Mo rẹ́rìn-ín sí i. "Gbogbo èèyàn ń yin mọ́tò yẹn. Ẹ ní láti ti ràn wọ́n lọ́wọ́. Iṣẹ́ ọkùnrin ni, pẹ́ńtà sọ bẹ́ẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn ta á. "Èmi kẹ̀? Kí n máa nu àkísà? Ẹ bi gbogbo àdúgbò, mi ò fọwọ́ kan mọ́tò yẹn látọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ti kú. Mi ò fi ìka kàn án!"

"Ẹ gbọ́ ọ, Kọ́pù?"

"Mo gbọ́ ọ, Àǹtí."

Ẹ̀wù kakí kan wà lórí okùn lágbàlá, òun nìkan, omi ṣì ń kán lára rẹ̀. Ẹ̀wù iṣẹ́ ọlọ́dẹ ni. Bọ́tìnnì rẹ̀ jẹ́ irin, etí wọn sì mú.

"Ẹ̀wù yín nìyí?"

"Òun ni. Mò ń lọ síbi iṣẹ́ nírọ̀lẹ́, mo ní kí n fọ̀ ọ́."

"Ṣòkòtò ẹ̀ ńkọ́?"

Mo wo inú yàrá láti ẹnu ọ̀nà: ṣòkòtò kakí wà lórí ìṣó, eruku kún ẹsẹ̀ rẹ̀ dé orúnkún. Ta ló ń fọ ẹ̀wù iṣẹ́ tí kò fọ ṣòkòtò rẹ̀?

Mo mú abẹ kan lórí ẹ̀rọ ìránṣọ màmá tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ká ẹ̀wù náà kúrò lórí okùn. Aṣọ rẹ̀ mọ́. Ó ti fọ̀ ọ́ dáadáa, mi ò lè bá a jiyàn níbẹ̀. Mo gé bọ́tìnnì ìsàlẹ̀ pátápátá, mo yí i padà sínú àtẹ́lẹwọ́ mi. Òwú tó wà lábẹ́ rẹ̀, níbi tí ọṣẹ kò lè dé, búlúù ni. Ó búlúù birí bí èékánná Ìyá Aránṣọ.

"Ẹ ní ẹ ò fi ìka kàn án," mo ní. "Ẹ̀wù yín kàn án."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ó ṣeé ṣe kí màmá ti mú ẹ̀wù òun nu mọ́tò, pé arúgbó ni, kì í wo nǹkan. Mo jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

"Aránṣọ? Kó fi ẹ̀wù tó ní bọ́tìnnì nu mọ́tò tó sun ẹkún lé lórí? Ẹ ti bá a gbé títí, ẹ ò mọ̀ ọ́n rárá."

Kọ́pù ti wọlé, ó gbé ṣòkòtò náà jáde, ó gbọn ọ́n. Nǹkan kan dún nínú àpò rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ni, èyí tó ti sọnù látìgbà ìsìnkú.

Ìgbà yẹn ni Ọkọ Kékeré dìde, ó ń pariwo. "Mọ́tò ẹ̀gbọ́n mi ni! Ṣé torí pé ó nù ún ló fi di tiẹ̀? Ẹnì kan fẹ́ rà á, ó ní kí n gbé e wá kí òun wò ó kí òun tó lọ síbi iṣẹ́, mo gbé e lọ hàn án. Mò ń padà bọ̀ kí ìyàwó wa tó jí. Kẹ̀kẹ́ yẹn ló sáré wọ ojú ọ̀nà mi!"

"Ẹ wá fi í sílẹ̀ nínú gọ́tà," mo ní, "ẹ nu fẹ́ndà, ẹ sì ní kí wọ́n ti ìyàwó yín mọ́lé. Tó bá bẹ̀bẹ̀, mọ́tò di tiyín. Tí kò bá bẹ̀bẹ̀, ẹ̀wọ̀n, mọ́tò ṣì di tiyín. Ẹ ti rò ó dáadáa. Ẹ kàn gbàgbé bọ́tìnnì ni."

Kọ́pù mú un lápá.

Mo gbé bọ́tìnnì àti kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì Ọ̀gá, mo sì dúró. Ó yí bọ́tìnnì yẹn síbí, ó yí i sọ́hùn-ún. Ó gbọ́ ariwo Ọkọ Kékeré nínú sẹ́ẹ̀lì tí màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò.

"Ó dáa," ó wí níkẹyìn. "Ẹ ya fọ́tò fẹ́ndà yẹn dáadáa. Kí màmá máa gbé mọ́tò ẹ̀ lọ, kó ṣáà má fọwọ́ kan fẹ́ndà títí ẹjọ́ á fi parí. Kó lọ sílé lọ sinmi."

Mo lọ jẹ́ iṣẹ́ náà. Ìyá Aránṣọ kò lọ sílé. Ó ṣí àpò ọwọ́ rẹ̀, ó yọ táwẹ́ẹ̀lì kan tó ti rán létí, tó ṣẹ́ ẹ po sí mẹ́rin. Gbogbo wákàtí tó fi wà nínú sẹ́ẹ̀lì, táwẹ́ẹ̀lì yẹn ló gbé lé itan. Ó rìn lọ sẹ́yìn mọ́tò.

"Ọwọ́ ta nìyí?"

Àpá ọwọ́ àwọn tó ti mọ́tò sínú oòrùn ló wà lára bùútù. Kọ́pù ní tòun ni. Ó na táwẹ́ẹ̀lì sí i, Kọ́pù sì nu tirẹ̀, àwọn yòókù tò tẹ̀ lé e, wọ́n ń fi ẹnu wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bẹ̀ ẹ́. Màmá kọjá lára wọn. Ó dé iwájú. Àtẹ́lẹwọ́ méjì gbàǹgbà wà lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá hàn.

"Èyí ńkọ́?"

Gbogbo wọn wolẹ̀. Mo lè sọ pé mi ò mọ̀. Mi ò sọ bẹ́ẹ̀.

"Ti Ọ̀gá ni, Mà."

"Lọ pè é wá."

Mo gun àtẹ̀gùn, mo kan ilẹ̀kùn.

"Kí ló dé?" Ọ̀gá ní.

"Wọ́n ń pè yín, sà."

"Ta ní ń pè mí?"

"Ẹni tó ni mọ́tò."

Ó wò mí títí, mi ò gbójú kúrò. Ó wo ojú fèrèsé, ó rí i pé gbogbo tẹ́ṣàn ti jáde sí àgbàlá, títí kan àwọn tó wá fẹjọ́ sùn. Ó wọ fìlà rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀.

"Màmá," ó ní, "ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jẹ́ ká..."

"Mi ò bẹ̀bẹ̀ láàárọ̀," Ìyá Aránṣọ ní, "mi ò sì ní kí ìwọ náà bẹ̀bẹ̀. Ìwọ lo fọwọ́ ba mọ́tò mi, wá nù ún."

Ó na táwẹ́ẹ̀lì. Ọ̀gá wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó na ọwọ́ láti gbà á. Màmá fà á sẹ́yìn.

"Kọ́kọ́ bọ́ aago ọwọ́ ẹ. Irin ni."

Ọ̀gá bọ́ aago, ó fi í sápò. Ó gba táwẹ́ẹ̀lì, ó tẹ̀ ba lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí i po.

"Tààrà," Ìyá Aránṣọ ní. "Láti iwájú lọ sẹ́yìn."

Ọ̀gá dúró. Ó tún un bẹ̀rẹ̀ láti iwájú.